Ìwé Èéfín Tí Ọkọ̀ Mi Ò Rí Gbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yín lónìí. Pásítọ̀ wa, mo kí yín sà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè kí ẹ sọ pé, "Olúwa, o ṣeun." Ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ dúró ná, nígbà tí mo bá fi máa parí, ẹ ó rí i pé ọpẹ́ yẹn ò tiẹ̀ tó.

Fún àwọn àlejò tí kò mọ̀ mí, Túndé ni mò ń jẹ́. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe níbí ní Ìlá, mo máa ń jó irin pọ̀, mò ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n géètì kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ mí nínú ìjọ yìí. Mọ́tò mi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọkọ̀ búlúù yẹn, lẹ́yìn tó ti ní jàǹbá ni mo rà á. Iwájú rẹ̀ ti run. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, mo fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Mo sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kí abẹ́ rẹ̀ máa gbo ilẹ̀. Mo ra táyà fífẹ̀. Mo gé ilẹ̀ ọkọ̀ náà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kí àwọn sípíkà ńlá lè ráyè wọ̀ ọ́. Páìpù tí èéfín ń gbà jáde, mo gé e dànù, mo jó páìpù gbàǹgbà mìíràn sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó rí bí ìkòkò kékeré, kátálísì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó pa oró inú èéfín kí èéfín tó bọ́ síta. Àwọn kan sọ fún mi pé ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo yọ ọ́, mo tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣáná sí mọ́tò náà, ewúrẹ́ àdúgbò wa sá. Inú mi dùn! Pásítọ̀ kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n máa pa á láti ojú títì kí n tó wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó ń da àwọn akọrin rú.

Ẹ mọ Màmá mi. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí mọ́tò yẹn ti ń rìn, èmi ni mo máa ń lọ gbé wọn wá sí ìsìn lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí ni ilé wa wà, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá. Èmi á gba Ọ̀tan kọjá sí Ìrẹsì, Màmá á wọlé sẹ́yìn bí olorì, wọ́n á gbé Bíbélì lé itan, a ó máa bọ̀.

Nígbà tó ṣe, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti dé ibí, Màmá á ní orí ń fọ́ àwọn. Kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti sùn lọ. Ẹ̀yin ọ́ṣà tí ẹ ń fi ìjókòó han èèyàn, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n bì sára aṣọ wọn lórí ìjókòó kẹta yẹn. Tí mo bá dá wọn padà sílé, á tún le sí i, òyì á máa kọ́ wọn, wọn ò ní lè jẹun. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara wọn á ti le, ẹ ó bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń já ilá. Ọjọ́ Ìsinmi á tún dé, ó tún di orí fífọ́!

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn. Wọ́n tọ́jú máláríà. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí. Wọ́n wo ṣúgà, kò sí. Ọjọ́rú la lọ, ara wọn ti yá, kí ni dókítà fẹ́ rí?

Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi nìkan? Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́, kí iná máa ta lára irin, èmi á máa ronú: kí ló wà nínú ọjọ́ Ìsinmi? Mo bi ìyàwó mi, kò mọ̀ ọ́n. Mo bi arákùnrin kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ní àìsàn tó mọ ọjọ́ ìsìn, ẹnìkan ló rán an níṣẹ́. Ó bi mí pé, "Kí ni Màmá máa ń jẹ kí wọ́n tó jáde nílé?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà o. Ìyá Súlè ni ìyàwó kejì bàbá mi. Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọn àti Màmá jọ ń gbé ilé kan náà láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Súlè ló máa ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún Màmá kí wọ́n má baà jáde lébi. Mo so ó pọ̀: ẹ̀kọ láàárọ̀, orí fífọ́ kó tó di ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan hàn mí, èmi ni mo so ó pọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Mo pàṣẹ fún Màmá pé kí wọ́n má fẹnu kan ẹ̀kọ yẹn mọ́. Mo jáwọ́ nínú kíkí Ìyá Súlè. Obìnrin tó pọ̀n mí sẹ́yìn! Oṣù márùn-ún. Tí wọ́n bá ní, "Túndé, káàbọ̀," mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù.

Màmá ò jẹ ẹ̀kọ mọ́, síbẹ̀ orí ò yé fọ́. Ó yẹ kí ìyẹn là mí lójú. Mo ní wọ́n ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn ni.

Bí ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n géètì kì í wọ búùtù. Ìyàwó mi ní kí n ta mọ́tò aláriwo yìí kí n fi ra pikọ́ọ̀pù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lórí fóònù. Kò pẹ́ tí Ẹ̀njiníà Káyọ̀dé fi pè mí láti Ìbàdàn, ọmọ Ìlá níbí ni. Ó wá wò ó. Nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A dúnàádúrà, ó parí. Ó wá ní:

"Bọ̀dá Túndé, ó ku nǹkan kan. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan wọ ọgbà àfi tó bá ní ìwé àyẹ̀wò èéfín. Ẹ bá mi gba ìwé yẹn, mo máa gbé e."

Mo ní, "Ìwé èéfín? Èéfín náà ń gbàwé báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ ló máa gbóòórùn rẹ̀, á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Òṣogbo."

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Inú ń bí mi díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe mí bíi kí n rí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn. Ní ọjọ́ Ajé, mo wa mọ́tò náà lọ sí Òṣogbo.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ ìjáábù ni, Ráhámátù lorúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Ó ti ọ̀pá kan bọ ẹnu páìpù, wáyà jáde láti ara ọ̀pá náà wọnú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n tẹ iná, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo mọ́tò, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má bínú sà, kò yege. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Kátálísì rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Mo ti tà á."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká jẹ́ kí ọkọ̀ ṣì wà lórí iná, òun máa tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó dá òun lójú. Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, òjò dé! Gbagede gbalasa la wà. Èmi sá síwájú ọkọ̀, Ráhámátù sá sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, a ti gbogbo fèrèsé. Ó wà níbẹ̀, ó ń kọ ìwé. Ẹ̀rọ pẹnpẹ kan wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ níbi àyà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Òjò ń rọ̀, ẹ́ńjìnnì ń kùn. Kí n jẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó, kò tó kíkà orí Bíbélì kan. Ẹ̀rọ pẹnpẹ yẹn figbe ta.

Mo rò pé fóònù ni. Mo ní, "Ẹ dá wọn lóhùn o, wọ́n ń pè yín."

"Ẹ pa ọkọ̀ sà! Ẹ pa á! Ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Ó ti wà níta kó tó sọ ọ́ tán. Mo pa ọkọ̀, mo bọ́ sínú òjò. Ó lọ ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn gbayawu lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń wọ ara àga tí mo fi awọ gidi bò. Mo fẹ́ pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dẹ́rù bà mí.

Ó ní gáàsì kan wà nínú èéfín ọkọ̀, kò láwọ̀, kò sì ní òórùn tirẹ̀. Téèyàn bá ń fà á símú, ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn. Òyì á kọ́ ọ. Á bì. Á sùn. Tó bá wá pọ̀ jù, onítọ̀hún ò ní jí. Ó ní ìyẹn ni ẹ̀rọ àyà òun ṣe ké.

Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá, ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Màmá mi."

"Ṣé orí kì í fọ́ wọn?"

Ìjọ Ọlọ́run! Ta ló sọ fún un? Mi ò sọ̀rọ̀ orí fífọ́ Màmá fún ọmọ yìí rí. Èmi ni! Èmi tí mo ń gbààwẹ̀ nítorí wọn ní ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mò ń gbé wọn sínú májèlé lọ́jọ́ Ìsinmi, àlọ àti àbọ̀!

Mo bi í pé, "Èmi náà ńkọ́? Inú ọkọ̀ kan náà la jọ ń wà. Kí ló dé tí kò mú mi?"

Ó wo ilẹ̀kùn iwájú. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń ṣí fèrèsé yín?"

Mo máa ń ṣí i. Kí n lè máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì mi ni mo ṣe ń ṣí i. Màmá máa ń ti tẹ̀yìn pa nítorí gèlè àti atẹ́gùn òwúrọ̀.

Nígbà tí òjò dá, a fi jáàkì gbé e sókè. Ráhámátù gbé iná sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí mo ti jó páìpù pọ̀ ti sán. Ihò tí mo gé fún sípíkà wà lókè rẹ̀ gan-an, páálí ni mo fi dí i. Ojú àpá yẹn, mo mọ ọwọ́ mi. Mo ti jó irin fún ọdún mọ́kànlélógún, mi ò sì ní lè purọ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é.

Ibi tí mo dúró sí náà ni fóònù mi ti dún. Ọkùnrin kan láti Ọ̀tan ni, ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n ta mọ́tò náà fún òun, ó fẹ́ fi kó èrò. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, òun ò bèèrè ìwé kankan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: fún bíi ìṣẹ́jú kan, èṣù wàásù fún mi, ìwàásù yẹn sì dùn. Kò bèèrè! Tà á fún un! Ṣùgbọ́n mo ń wo ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Èrò mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀ láàárọ̀, mẹ́ta mìíràn lọ́sàn-án, ìyá ẹlòmíràn á wà nínú wọn.

Mo ní, "Bọ̀dá, mi ò tà á fún yín mọ́. Ọkọ̀ yẹn lè pa èèyàn bó ṣe wà yìí."

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ ṣáà tà á fún mi bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ wo ni kì í pààyàn?"

Mo ní rárá. Ó bínú, ó pa fóònù.

Mo fi mọ́tò náà sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ nǹkan kan fún Màmá. Mo fẹ́ kó dá mi lójú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò láti Ìrẹsì, èmi máa pàdé wọn ní gáréèjì. Pásítọ̀, ẹ dárí jì mí, mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ yẹn. Màmá ni mò ń wò. Wọ́n kọrin. Wọ́n jó dé iwájú níbi ọrẹ. Wọn ò sùn. Nígbà tí a túká, mo sún mọ́ wọn.

"Màmá, orí ńkọ́?"

"Orí wo? Ṣé ó yẹ kó máa fọ́ ni?"

Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sunkún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tún mọ́tò ṣe. Mo kó sípíkà dànù, mo fi irin tuntun dí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Mo wá páìpù tó bá a mu, mo ra kátálísì tó yẹ ẹ́ńjìnnì yẹn. Mo gbé e padà sí Òṣogbo. Ẹ̀rọ àyà Ráhámátù ò ké mọ́, ògo ni fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní kò tíì yege. Ó ti dín kù gan-an, síbẹ̀ kò yege. Mo ní, "Olúwa, kí ló tún kù?"

Mo mú ọ̀rọ̀ náà wá síbi àdúrà àárín ọ̀sẹ̀. Mi ò ṣàlàyé púpọ̀. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà: kí Ọlọ́run fi ohun tó kù hàn mí. Mo rò pé wáyà tàbí nọ́ọ̀tì kan ni máa rí lójú ọkàn mi. Ìyá Súlè ni mo rí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé, "Túndé, káàbọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsì. Mo bá Ìyá Súlè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀kọ, orí fífọ́, ohun tí mo rò sí wọn, ibi tí gáàsì ti ń jáde gan-an. Ọwọ́ wọn ṣì wà nínú ẹ̀wà.

Wọ́n ní, "Ìdí tí o ò fi kí mi mọ́ nìyẹn? Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni. Mo ronú, mo ronú, mi ò rí ohun tí mo ṣe. Mo ṣì ń po ẹ̀kọ yẹn. Tí ìyá ẹ ò bá jẹ ẹ́, mo máa ń dà á fún adìẹ." Wọ́n wá fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Mi ò mọ bí Ọlọ́run ṣe ń to nǹkan tirẹ̀, n kò sì ní dá ìtàn mọ́ ọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo padà sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀kẹta, Ráhámátù fi ìka tọ wáyà kan láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wá sísàlẹ̀, ó bá a níbi tí mo ti gé e nígbà tí mò ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo ti gbàgbé pé mo gé e. Wáyà yẹn ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí epo tó ń jó ṣe pọ̀ tó. A so ó, a ṣáná. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bọ̀dá, ó yege!" Mo jó nínú ọgbà wọn, èmi wẹ́dà àgbàlagbà!

Ẹ̀njiníà Káyọ̀dé ti gbé e lọ. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kó tó sanwó, mo tiẹ̀ gbé páìpù tó sán hàn án. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ká ní wọn ò bèèrè ìwé níbi iṣẹ́ Ẹ̀njiníà ńkọ́? Ká ní oòrùn ń ràn lọ́jọ́ yẹn, tí ọmọbìnrin yẹn kò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rò ó tán. Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n rí ọkọ̀ tà. Ẹ̀mí ìyá mi ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orúkọ Jésù bẹ̀ yín, ẹ gbé e jáde lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáwọ́ nínú kíkí ẹnìkan nítorí ohun tí ẹ ò rí lójú, ẹ dákun, ẹ tún un wò.

Màmá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹni tó jókòó tì wọ́n yẹn, tó wé ìborùn funfun, Ìyá Súlè nìyẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá gbọ́ ohun tí mo máa sọ nípa àwọn. Ìyá, ẹ dìde pẹ̀lú wọn, ẹ má tijú. Ẹ̀yin ará, ìyá méjì ni mo ní, àwọn méjèèjì ló wà láàyè, àwọn méjèèjì sì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run, kí ẹ yọ̀ fún mi! Halelúyà!